Ṣé kí a pa ìdánwò aládàáṣe wa rẹ́ ni, àbí ọ̀nà wà tí a fi lè máa tọ́jú wọn?

AkọKóòdù (Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́) béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Àwa mẹ́rin ni a jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì kékeré kan nítòsí Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi ń ṣírò owó wọn ni à ń kọ: owó ìpamọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ ń san lóṣooṣù, owó yíyá, èlé, àti orúkọ àwọn onídùúró. Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí a ti ń fi ìlànà agile ṣiṣẹ́, ìyẹn kíkọ ètò díẹ̀díẹ̀ kí a sì máa tètè fi han àwọn tí ń lò ó. A pín iṣẹ́ wa sí sprint, ìyẹn sáà iṣẹ́ kúkúrú, ọlọ́sẹ̀ méjì méjì, a máa ń dúró ṣèpàdé fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láràárọ̀, a sì ń fún àwọn akápò ní ohun tuntun lò ní ìparí sprint kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè sọ ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó fún wa.

Ìdánwò ni wàhálà wa. A ní ìdánwò aládàáṣe 240, ìyẹn kóòdù tí ń dán ètò wa wò fúnra rẹ̀, 190 nínú wọn ni ó sì jẹ́ pé irinṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Selenium ni ó ń ṣí browser (ohun tí a fi ń wo ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì), tí yóò tẹ bọ́tìnì, tí yóò kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù, tí yóò sì wo ohun tí ó jáde, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe máa ń ṣe é. Bí a bá ṣe gbogbo wọn pátá, wákàtí méjì ó dín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó ń gbà. Òru ni a sábà máa ń ṣe wọ́n, nítorí pé òru ni iná máa ń wá. Ìgbà tí kò bá wá, ẹ̀yin tí ẹ ń ra epo jẹnẹrétọ̀ mọ ohun tí wákàtí méjì túmọ̀ sí.

Ní sprint tí ó kọjá, akápò kan sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ “Fi ránṣẹ́” tí a kọ sára bọ́tìnì kan kò yé àwọn tí ń bá òun gba owó, pé ṣe ni wọ́n rò pé owó náà ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. A sọ ọ́ di “Gba owó wọlé”. Ìyẹn nìkan ni a yí padà, ìdánwò 63 ni ó sì kùnà kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sí ohun tí ó ṣe ètò náà rárá. Ọjọ́ méjì gbáko ni ẹnì kan nínú wa fi ń tún ìdánwò ṣe dípò iṣẹ́ tí a yàn fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni akápò ẹgbẹ́ mìíràn pè wá pé ọmọ ẹgbẹ́ kan ti san gbèsè rẹ̀ tán kí àkókò tó pé, síbẹ̀ ètò wa ṣì ń ka èlé sí i lọ́rùn. Àṣìṣe gidi nìyẹn, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo nínú 240 tí ó rí i. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Àwọn kan tún wà tí wọn yóò kùnà lónìí, tí wọn yóò yege lọ́la, láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kan kóòdù.

Ọ̀gá wa ti wá ní kí a pa gbogbo wọn rẹ́. Ó ní àwọn tí ó dá agile sílẹ̀ gan-an ni wọ́n sọ pé ètò tí ń ṣiṣẹ́ ṣe pàtàkì ju àkójọ ìwé lọ. Ọkàn mi kò gbà á, ṣùgbọ́n n kò rí èsì kankan fún un. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ̀yin ṣe ń ṣe é tí ìdánwò yín kì í fi í di ẹrù?

ÌyáAdánwò (Ọ̀yọ́) dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àforítì. N kò mọ̀ bóyá mo jù yín lọ lọ́jọ́ orí, nítorí náà n ó máa fi “ẹ” bá yín sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ìdánwò ni mo fi ń jẹun ní Ọ̀yọ́ níbí, irú ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí sì ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí, àfi pé àwọ̀ bọ́tìnì ni àwa yí padà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Orúkọ àwọ̀ inú CSS (kóòdù tí ń sọ bí ojú-ewé yóò ṣe rí) ni ìdánwò wa fi ń dá bọ́tìnì náà mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá yín dá ọ̀gá yín lóhùn. Ní oṣù kejì ọdún 2001 ni àwọn ènìyàn 17 pàdé ní Snowbird, ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì kọ ìkéde agile. Òótọ́ ni pé wọ́n sọ níbẹ̀ pé àwọn ka ètò tí ń ṣiṣẹ́ sí ju àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ lọ, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ni wọ́n dárúkọ, wọn kò dárúkọ ìdánwò, wọ́n sì fi kún un pé ohun tí àwọn fi sí ipò kejì náà ní iyì tirẹ̀. Kent Beck wà lára àwọn 17 náà. Òun àti Erich Gamma ni wọ́n kọ JUnit, irinṣẹ́ tí àwọn tí ń fi èdè kọ̀ǹpútà Java kọ ètò fi ń ṣe ìdánwò títí di òní. Kí ìpàdé náà tó wáyé ni Beck ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ọ̀nà iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Extreme Programming, kíkọ ìdánwò sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òpó tí ó gbé ọ̀nà náà ró. Bákan náà, ọ̀kan nínú ìlànà 12 tí ó bá ìkéde náà rìn sọ pé kí a máa fojú sí iṣẹ́ tí ó mọ́yán lórí àti ìtò ètò tí ó dára nígbà gbogbo, nítorí pé èyí ni ó ń jẹ́ kí ọwọ́ ẹni yá. Ẹni tí ó bá ń yí ètò padà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì tí kò sì ní ìdánwò, àwọn akápò ni yóò máa bá a dán an wò, owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni wọn yóò sì máa fi dán an wò.

Síbẹ̀, ọ̀gá yín kò jẹ̀bi tán. Ìdánwò tí ẹ ní yìí ń jẹ owó, kò sì ṣọ́ ilé. Ẹ wo ohun tí ẹ so pọ̀ mọ́ ara wọn. Òfin èlé kì í yí padà àfi bí ẹgbẹ́ bá ṣe ìpàdé gbogbogbòò, ọ̀rọ̀ ara bọ́tìnì sì lè yí padà ní ọjọ́ èyíkéyìí tí akápò kan bá pè. Inú ìdánwò kan náà ni ẹ so àwọn méjèèjì sí. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Mike Cohn ya àwòrán kan tí àwa tí ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í yé tọ́ka sí, ó sì wà nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 2009. Ẹ fojú inú wo òkìtì ẹ̀pà Kánò ayé àtijọ́: ìdí rẹ̀ fẹ̀, orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Àwọn ìdánwò kéékèèké tí ń wo òfin kọ̀ọ̀kan nínú kóòdù ni ó pọ̀ jù ní ìdí, àwọn tí ń wo bí apá kan ètò ṣe ń bá apá kejì ṣiṣẹ́ wà láàárín, àwọn tí ń ṣí browser kò sì ju díẹ̀ lọ lórí. Tiyín, orí ni ẹ fi gbé e dúró.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ èlé tí ó da yín láàmú yẹn. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan yá náírà 120,000 fún oṣù 10, tí gbogbo èlé rẹ̀ jẹ́ náírà 12,000, ìyẹn 1,200 lóṣù, tí òfin ẹgbẹ́ sì sọ pé ẹni tí ó bá tètè san tán kò ní san èlé àwọn oṣù tí ó kù. Bí ó bá san tán ní oṣù kẹfà, 7,200 ni èlé tí ó yẹ kí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdánwò tí yóò wo èyí kò nílò browser, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé. Ẹ ó pe function (ẹyọ kóòdù tí ń ṣe iṣẹ́ kan pàtó) tí ń ṣírò èlé, ẹ ó fún un ní iye owó, iye oṣù àti oṣù tí a san tán, ẹ ó sì wò ó bóyá 7,200 ni ó dá padà. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ òmíràn fún ẹni tí ó san tán ní oṣù kìn-ín-ní, fún ẹni tí ó san tán ní oṣù kẹwàá gẹ́ẹ́, àti fún ẹni tí ó san ju gbèsè rẹ̀ lọ, nítorí pé etí òfin ni àṣìṣe máa ń ba sí, kì í sábà jókòó sáàárín.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé kò sí function kankan tí ẹ lè pè, pé inú kóòdù tí ń gbé ojú-ewé jáde ni ẹni tí ó kọ ọ́ ti ṣírò èlé náà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni àrùn náà wà, browser tí ẹ ń ṣí nígbà 190 kàn jẹ́ àmì rẹ̀ ni. Ẹ yọ ìṣirò náà síta, kí ó dá dúró, kí ó má mọ̀ pé ojú-ewé wà láyé.

Ní ti àwọn díẹ̀ tí yóò kù nínú browser, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdánwò kọ̀ọ̀kan máa wá bọ́tìnì fúnra rẹ̀. Ẹ kó gbogbo ohun tí ìdánwò mọ̀ nípa ojú-ewé kan sínú fáìlì kan ṣoṣo, ìyẹn ibi tí àpótí orúkọ wà, bí a ṣe ń gba owó wọlé, ibi tí a ti ń rí àpapọ̀. Page Object ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹ sì fún bọ́tìnì pàtàkì kọ̀ọ̀kan ní data-testid, orúkọ ìdámọ̀ inú kóòdù tí kì í hàn sí oníbàárà, tí ẹnikẹ́ni kò ní yí padà nítorí ẹwà. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni ẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀ ni, bọ́tìnì tí ẹ yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà yẹn kì bá tí pa ìdánwò kankan lára. Ohun kan tún kù: ẹ jẹ́ kí ìdánwò kọ̀ọ̀kan dá ọmọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ń lo ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, èyí tí ó kọ́kọ́ ṣe yóò ná owó tí èyí tí ó tẹ̀lé e fẹ́ kà.

ÀgbàKóòdù (Under-G, Ògbómọ̀ṣọ́) dáhùn pé:

Mo fara mọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ìyá wa sọ, ṣùgbọ́n òkìtì ẹ̀pà yẹn kì í ṣe òfin. Mo ti bá àwọn kan ṣiṣẹ́ rí tí wọ́n gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n sì fi mock, ìyẹn ayédèrú tí ń dá èsì tí a ti kọ fún un padà, rọ́pò gbogbo nǹkan: dátábéèsì (ibi tí ètò ń kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí) jẹ́ mock, ohun tí ń fi SMS ránṣẹ́ jẹ́ mock, kódà ohun tí ń ka orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ mock. Gbogbo ìdánwò ń yege lójoojúmọ́. Nígbà tí ètò náà dé ọwọ́ àwọn oníbàárà ni a wá rí i pé SQL kan (àṣẹ tí a fi ń bi dátábéèsì léèrè) ń ka owó àwọn tí ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ mọ́ àpapọ̀. Mock kò lè rí irú rẹ̀, nítorí pé mock kì í ṣírò. Odídẹrẹ́ ni, ohun tí ẹ bá kọ́ ọ ni yóò máa wí. Fún ètò owó, àwọn ìdánwò àárín, tí ń bá dátábéèsì gidi sọ̀rọ̀, ni èmi máa ń kọ jù. Mo máa ń gbé PostgreSQL, dátábéèsì gidi kan, kalẹ̀ nínú Docker (irinṣẹ́ tí ń ya ètò sọ́tọ̀ lórí kọ̀ǹpútà), n ó ṣí transaction (àkójọ iṣẹ́ dátábéèsì tí a lè fagi lé lẹ́ẹ̀kan náà), n ó ṣe ìdánwò, n ó sì dá gbogbo rẹ̀ padà kí ohunkóhun má baà kù sílẹ̀ de ìdánwò mìíràn. Ó falẹ̀ ju èyí tí ìyá wa júwe lọ, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ browser rárá ní ìfalẹ̀.

Èkejì, AkọKóòdù, ẹ má ṣe rò pé ẹ gbọ́dọ̀ gba gbogbo 190 yẹn là. Ẹ dà wọ́n sílẹ̀ bí ìgbà tí a bá ń ṣa ẹ̀wà, kí ẹ sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè pé, ìgbà wo ni o kùnà kẹ́yìn nítorí àṣìṣe gidi? Èyí tí kò bá ní èsì, tí ìdánwò mìíràn sì ti ń wo ohun tí ó ń wò, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ má ṣe bá a dárò. Ọ̀gá yín sọ òótọ́ dé ibẹ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún bí ẹ ó ṣe to iṣẹ́ náà tẹ̀léra. Bí ẹ bá ń yọ ìṣirò èlé kúrò nínú kóòdù ojú-ewé, ẹ kò gbọdọ̀ tíì pa àwọn ìdánwò browser tí ń wo èlé rẹ́, nítorí pé àwọn nìkan ni ẹ̀rí yín. Michael Feathers, nínú ìwé rẹ̀ lórí kóòdù àtijọ́ tí ó jáde ní 2004, pe irú ìdánwò kan ní characterization test: ẹ óò kọ ohun tí ètò náà ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà, ìbáà dára, ìbáà má dára, kí ẹ lè mọ̀ bí ó bá yí padà nígbà tí ẹ ń gbé kóòdù kúrò ní ibì kan lọ sí òmíràn. Ìgbà tí ìdánwò ìsàlẹ̀ bá ti dúró dáadáa ni ẹ tó lè tú àgbékalẹ̀ ti òkè.

Àfikún kékeré kan, ó sì lè jẹ́ pé ẹ ti mọ̀ ọ́n: bí ẹ bá ń fi float (nọ́ńbà oní-désímà inú kọ̀ǹpútà) pa owó mọ́, ìdánwò yín yóò máa kùnà nítorí àwọn ìdá tíntìntín, nítorí pé nínú kọ̀ǹpútà, 0.1 àti 0.2 kì í di 0.3 gẹ́lẹ́. Ẹ fi kọ́bọ̀ pa á mọ́ bí odidi nọ́ńbà.

ỌmọAkẹ̀sán (Ọ̀yọ́) dáhùn pé:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ̀yin àgbà. Kò tíì sí ẹni tí ó mẹ́nu ba àwọn tí ń kùnà lónìí tí ń yege lọ́la, bẹ́ẹ̀ àwọn ni èmi ń bẹ̀rù jù. Ajá tí ó bá ń gbó ewé àti atẹ́gùn, ọjọ́ tí olè bá wọlé gan-an ni kò ní sí ẹni tí yóò dìde. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni ó ń ṣe: ní 2016, Google sọ pé nǹkan bí 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí àwọn bá ṣe ìdánwò ni èsì rẹ̀ máa ń ṣe ségesège bẹ́ẹ̀, àti pé nǹkan bí ìdánwò 16 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní díẹ̀ nínú àrùn náà.

AkọKóòdù, ẹ sọ pé òru ni ẹ máa ń ṣe ìdánwò. Ṣé kì í ṣe láàárín aago méjìlá òru sí aago kan ni wọ́n máa ń kùnà? Mo béèrè nítorí pé aago UTC (aago àjùmọ̀lò àgbáyé) ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ètò ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ń tẹ̀lé, wákàtí kan sì ni Nàìjíríà fi ṣíwájú rẹ̀ ní gbogbo ọdún, nítorí pé àwa kì í sún aago síwájú sẹ́yìn bí ti àwọn òyìnbó. Ní agogo 12:30 òru ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ní Ògbómọ̀ṣọ́, 11:30 alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ni sáfà ṣì wà. Browser tí ó wà lórí láptọ́ọ̀pù yín yóò kọ oṣù kẹwàá, sáfà yóò ka owó náà sí oṣù kẹsàn-án, ìdánwò yóò sì kùnà. Ìdánwò náà kò ya wèrè o. Àṣìṣe gidi ni ó rí, nítorí pé ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fi fóònù sanwó ní àkókò yẹn yóò rí owó rẹ̀ nínú oṣù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a kò ní jẹ́ kí kóòdù máa béèrè aago fúnra rẹ̀. A óò fún un ní aago láti òde, kí ìdánwò lè sọ fún un pé “12:30 òru ọjọ́ kìn-ín-ní ni a wà yìí”, kí ó sì máa gba èsì kan náà ní ọ̀sán gangan.

Èkejì kan àwa Yorùbá gan-an. Ẹ mú orúkọ ìlú yín, Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode (ìlànà tí ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà) tí ó dúró fún lẹ́tà “ọ̀” pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ ọ́ ní ẹ̀yà méjì, ìyẹn ọ (U+1ECD) àti àmì dò (U+0300). Òmíràn lè kọ ọ́ ní ẹ̀yà mẹ́ta, ìyẹn o lásán, àmì abẹ́ rẹ̀ (U+0323), àti àmì dò. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn kò bára tan. Ìdánwò tí ó bá fi èkínní wá orúkọ tí a fi èkejì kọ kò ní rí i, yóò sì yege lórí láptọ́ọ̀pù ẹnì kan, kí ó kùnà lórí ti ẹlòmíràn. Ẹ sọ gbogbo orúkọ di NFC, ọ̀nà kan tí Unicode là sílẹ̀ láti sọ irú ìkọ̀wé méjì bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan náà, kí ẹ tó fi pamọ́, kí ẹ sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí ohun tí a fẹ́ wá. Ó tún yẹ kí ẹ ní ìdánwò kan tí ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ orúkọ kan ní oríṣi méjèèjì.

Ti ìkẹta kò gba àlàyé púpọ̀. Bí ẹ bá rí “sleep 5” nínú ìdánwò, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ sì sọ fún Selenium pé kí ó dúró títí ohun tí ẹ ń retí yóò fi hàn. Ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ti pọ̀ jù nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára, kì í sì í tó nígbà tí kò bá dára.

AkọKóòdù (Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́) dáhùn pé:

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lónìí, ìyẹn sprint mẹ́ta, mo sì fẹ́ jábọ̀.

Nínú àwọn 190 yẹn, a pa 68 rẹ́. Ìtìjú ni ó jẹ́ fún mi láti sọ pé 31 nínú wọn kò ṣe ju kí wọ́n wọlé, kí wọ́n wo orúkọ ẹgbẹ́ lókè ojú-ewé, kí wọ́n sì jáde. Òfin tí 97 ń wò ni a gbé sísàlẹ̀, wọ́n sì di 54 péré níbẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wo òfin kan náà láti ojú-ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn 25 ni ó ṣẹ́kù nínú browser. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ń parí kí ìṣẹ́jú kan tó pé, pẹ̀lú pé a gba ìmọ̀ràn ÀgbàKóòdù tí a sì ń lo dátábéèsì gidi. Àwọn ti browser ń gba ìṣẹ́jú 14. Gbígbé ìṣirò èlé kúrò nínú kóòdù ojú-ewé ni ó nira jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba odidi sprint kan, a sì rí i lẹ́nu iṣẹ́ náà pé ibi mẹ́ta ni a ti kọ ìṣirò náà, pé ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá àwọn yòókù mu. Èyí tí ń jẹ ọmọ ẹgbẹ́ tí ó tètè san gbèsè níyà nìyẹn.

ỌmọAkẹ̀sán, ó ku díẹ̀ kí n pariwo nígbà tí mo ka ti aago. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹni mẹ́sàn-án ni a rí nínú dátábéèsì tí owó wọn wà nínú oṣù tí kò yẹ, agogo méjìlá òru kọjá ni gbogbo wọn sì sanwó. A ti tún un ṣe, a sì ti pe àwọn akápò tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ọ̀gá wa kò sọ̀rọ̀ píparẹ́ mọ́. Ohun tí ó kù ni pé kò fẹ́ kí a ka àkókò ìdánwò mọ́ iṣẹ́ sprint. Ó ní kí a kọ iṣẹ́ sílẹ̀ lórí káàdì kan, kí a kọ ìdánwò rẹ̀ sórí káàdì mìíràn, kí òun lè mú èyí tí òun bá fẹ́. Gbogbo ìgbà ni káàdì ìdánwò sì ń di ti sprint tí ń bọ̀. Kí ni kí n wí?

ÌyáAdánwò (Ọ̀yọ́) dáhùn pé:

Inú mi dùn. Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun.

Ẹ má ṣe gba káàdì méjì. Káàdì ìdánwò tí ó dá dúró, káàdì tí a lè yọ kúrò ni, ohun tí ọ̀gá bá sì lè yọ kúrò nígbà tí iṣẹ́ bá há, yóò yọ ọ́. Ìwé Scrum Guide ti 2020, ìwé ìtọ́nisọ́nà fún Scrum tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà agile, fún wa ní ohun tí ó pè ní Definition of Done, àdéhùn lórí ohun tí a ń pè ní iṣẹ́ tí ó parí, ó sì sọ pé iṣẹ́ tí kò bá dé ojú àdéhùn náà, a kò gbọdọ̀ gbé e jáde, a kò tilẹ̀ gbọdọ̀ fi í hàn ní ìpàdé àgbéyẹ̀wò òpin sprint. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀ ní ìlà díẹ̀, kí ó má gùn: òfin tuntun ní ìdánwò ìsàlẹ̀, àṣìṣe tí oníbàárà bá rí ní ìdánwò tí ó kọ́kọ́ kùnà nítorí rẹ̀ kí a tó tún un ṣe, gbogbo ìdánwò yege lórí sáfà, kì í ṣe lórí láptọ́ọ̀pù ẹni tí ó kọ ọ́. Bí ẹ bá wá ń díwọ̀n bí káàdì kan yóò ti tóbi tó, ẹ díwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìyẹn nínú. Iye káàdì tí ẹ ń parí yóò dín kù ní sprint kan tàbí méjì, ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀ kí ó má baà dà bí ẹni pé ẹ ń jáfara.

Ní ti iná, ẹ jẹ́ kí àwọn ti ìsàlẹ̀ máa ṣe lórí láptọ́ọ̀pù kí ẹ tó ṣe commit (fi ìyípadà kóòdù pamọ́ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀), níwọ̀n ìgbà tí kò ti gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, kí àwọn 25 ti browser sì máa ṣe lórí GitHub Actions, sáfà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń ṣe ìdánwò fúnra rẹ̀, nígbàkúùgbà tí kóòdù bá dé ibẹ̀. Epo jẹnẹrétọ̀ yín kò ní bá a lọ.

Àti pé bí ìdánwò browser tuntun bá ń pọ̀ sí i láìsí ìdí, kí ẹni tí ó fẹ́ fi 26 kún 25 kọ́kọ́ sọ fún àwọn yòókù ohun tí ó fà á tí kò fi lè wà nísàlẹ̀.

AkọKóòdù (Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́) dáhùn pé:

Ẹ ṣeun, mà. A ti kọ ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà sórí pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn káàdì. Ọ̀gá wa kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí a yọ ìlà kejì, a ní rárá, ó sì gbà kí a fi sprint méjì dán an wò. Ọjọ́ Ajé ni èkínní bẹ̀rẹ̀.